Kíka Báìtì àti Kíka Ìdúró: Wíwọ̀n Dátà tí ó ń Rìn láàrin Àwọn Kọ̀ǹpútà Alájùmọ̀ṣiṣẹ́

Ìfáárà

Bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà kan lè dá ṣe lọ, ńṣe ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń bẹ ọ̀wẹ̀ sí i. Wọn a pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, wọn a sì fún kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún ní ìpín tiwọn kí wọ́n lè jùmọ̀ ṣe é. Irú àkójọ kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí yóò máa pè ní ìṣùpọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọ̀wẹ̀ a sì máa ní ìnáwó tirẹ̀. Bí ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ wá oúnjẹ fún àwọn tí ó bá a ro oko, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó pín iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ san owó ìrìnnà dátà láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn.

Ìbéèrè tí ó wá ṣe kókó ni pé èló ni owó ìrìnnà yìí. Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Ẹni tí ó bá gbà pé ìrìnnà dátà ni ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn yóò lọ ra wáyà àti ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì tí ó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá gbà pé agbára ìṣirò ni kò tó yóò lọ ra kọ̀ǹpútà sí i. Bí ìwọ̀n tí ẹni náà gbára lé bá ṣì í lọ́nà, owó ti wọgbó nìyẹn.

Ní ọdún 2011, Mosharaf Chowdhury àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe àtúpalẹ̀ àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan láti inú ìṣùpọ̀ kọ̀ǹpútà Facebook. Wọ́n rí i pé, ní ìpíndọ́gba, ìdá 33 nínú 100 àkókò iṣẹ́ ni ó ń lọ sí orí ìpàṣípààrọ̀ dátà láàrin àwọn kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2015, Kay Ousterhout àti àwọn akẹgbẹ́ tirẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn wà ní Berkeley kan náà, gbé àbájáde mìíràn jáde. Wọ́n ní bí nẹ́tíwọ̀kì bá tilẹ̀ yára débi pé ìrìnnà dátà kò gba àkókò kankan mọ́, iṣẹ́ tí ó bọ́ sí àárín gbùngbùn nínú àwọn tí àwọn yẹ̀ wò kò ní fi ju ìdá 2 nínú 100 yá sí i.

Kò sí irọ́ nínú èyíkéyìí nínú àbájáde méjèèjì. Ohun tí wọ́n wọ̀n ni kò jọra. Iṣẹ́ yìí yóò ṣàlàyé bí dátà ṣe ń rìn láàrin àwọn kọ̀ǹpútà alájùmọ̀ṣiṣẹ́, ibi tí a lè gbé òǹkà sí láti wọ̀n ọ́n, àti ìdí tí iye báìtì tí ó rìn kò fi tó láti sọ ohun tí ìrìnnà náà ná iṣẹ́.

Bí Dátà ṣe ń Rìn

Ìlànà tí ó sọ irú iṣẹ́ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni èyí tí Jeffrey Dean àti Sanjay Ghemawat ti ilé-iṣẹ́ Google gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní MapReduce. Láti ara rẹ̀ ni ètò tí wọ́n ń pè ní Hadoop ti jáde ní ọdún 2006 (erin ìṣeré ọmọ Doug Cutting, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe é, ni ó fún un lórúkọ), Spark sì tẹ̀lé e láti Berkeley. Ìpele méjì ni ìlànà náà ní. Ní ìpele àkọ́kọ́, tí a ó pè ní ìpele ìtú, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan yóò ka dátà tí ó jẹ́ ìpín tirẹ̀, yóò sì tú u sí ègé ègé. Ní ìpele kejì, èyí tí í ṣe ìpele ìkójọ, gbogbo ègé tí ó jẹ́ ti ohun kan náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kí ó tó lè ṣe ìṣirò lé wọn lórí. Ìpàṣípààrọ̀ tí ó wà láàrin ìpele méjèèjì ni orísun ìrìnnà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ẹ jẹ́ kí a fi kíka ọ̀rọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní a fẹ́ mọ iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ yọ nínú àkójọ ìwé Yorùbá kan tí ó pọ̀ débi pé kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ni ó pín in kà. Nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà kan bá bá ọ̀rọ̀ náà “ni” pàdé, yóò kọ “ni, 1” sílẹ̀. Kí a tó lè mọ àpapọ̀, gbogbo “ni” tí kọ̀ǹpútà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ pàdé ní ojú kan. Ìṣirò kan tí wọ́n ṣe lórí báìtì ọ̀rọ̀ náà ni ó ń sọ kọ̀ǹpútà tí yóò gbà á. Bí ìṣirò yìí bá pín àwọn ègé náà dọ́gba, ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kọ sílẹ̀ ni yóò dúró sí ilé, ìdá mẹ́sàn-án yóò gba ojú ọ̀nà lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá di ogún, ìdá mọ́kàndínlógún nínú ogún ni yóò rìn. Èyí fi hàn pé bí ìṣùpọ̀ kọ̀ǹpútà bá ṣe ń tóbi sí i ni ó ń súnmọ́ ọn pé gbogbo dátà ìpàṣípààrọ̀ ni yóò kúrò nílé.

Àmọ́ ṣá, ohun tí a fẹ́ pààrọ̀ gan-an lè kéré sí ohun tí a kà. Dean àti Ghemawat fi àyè sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan láti kọ́kọ́ ro tirẹ̀ pọ̀ kí ó tó ránṣẹ́. Dípò kí ó rán “ni, 1” ní ìgbà 50,000, yóò rán “ni, 50000” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èsì ìkẹyìn kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí ó gba orí wáyà kọjá ti dín kù gidigidi. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ bí dátà tí a kà ṣe tóbi tó kò tí ì mọ nǹkan kan nípa iye tí ó rìn. Àfi kí ó wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níhìn-ín tí ó kan èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ìlànà ìkọsílẹ̀ UTF-8 tí púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà òde òní ń lò, báìtì 3 ni “oro” tí kò ní àmì yóò gbà. Ṣùgbọ́n báìtì 11 ni “ọ̀rọ̀” máa ń gbà: báìtì 3 fún “ọ” kọ̀ọ̀kan, báìtì 2 fún àmì ohùn ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, báìtì 1 fún “r”. Ẹni tí ó bá ń fi iye lẹ́tà díwọ̀n báìtì yóò ṣe àṣìṣe ńlá. Èyí tí ó tún le jù ni pé ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà kọ “ọ̀” ju ẹyọ kan lọ. Ó lè kọ “ọ” lódindi kí ó fi àmì ohùn tẹ̀ lé e. Ó lè kọ “o”, kí ó fi àmì abẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí ó tó wá kọ àmì ohùn. Báìtì 5 ni ọ̀nà méjèèjì ń gbà. Ó sì tún lè kọ “ò” lódindi kí ó wá fi àmì abẹ́ sí i, èyí sì jẹ́ báìtì 4. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú kọ̀ǹpútà tí ń ṣe ìṣirò lórí báìtì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ó sì lè rán wọn sí kọ̀ǹpútà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a kò bá sọ gbogbo àkọsílẹ̀ di ọ̀nà kan ṣoṣo kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye ọ̀rọ̀ tí a kà kò ní pé, òǹkà ìrìnnà dátà kò sì ní fi àléébù náà hàn.

Ìdánwò Google ti Ọdún 2004

Nínú ìwé tí Dean àti Ghemawat fi kéde ìlànà wọn, wọ́n ya àwòrán ìyára dátà láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí dé òpin rẹ̀. Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo àwòrán yìí, nítorí pé ìwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀: ìyára kíkà, ìyára ìpàṣípààrọ̀, àti ìyára kíkọ. Iṣẹ́ tí wọ́n fi dán an wò ni títo àkọsílẹ̀ bílíọ̀nù mẹ́wàá lẹ́sẹẹsẹ. Báìtì 100 ni àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì tó tẹ́ràbáìtì kan. Kọ̀ǹpútà bí i 1,800 ni ó wà nínú ìṣùpọ̀ náà, wáyà tí ó lè gbé gígábíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀rọ tí àwọn wáyà ti ń pàdé, tí a lè pè ní ẹ̀rọ oríta, wà ní ìpele méjì. Èyí tí ó wà lókè pátápátá lè gbé tó gígábíìtì 100 sí 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìyára kíkà gòkè dé bí i gígábáìtì 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ju ìyára ìpàṣípààrọ̀ lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kà kò gba orí nẹ́tíwọ̀kì rárá. Wọ́n ti ṣètò pé kí iṣẹ́ lọ bá dátà níbi tí dátà wà, kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lè ka inú dísìkì tirẹ̀. Ìyára ìpàṣípààrọ̀ náà tún ju ìyára kíkọ lọ, nítorí pé ẹ̀dà méjì ni wọ́n ń kọ nínú èsì, kí ọ̀kan má baà sọnù. Gbogbo iṣẹ́ náà parí ní ìṣẹ́jú àáyá 891.

Ohun tí ó gba àfiyèsí jù ni àkókò ìpàṣípààrọ̀. Ìpele ìtú ti parí kí ó tó di ìṣẹ́jú àáyá 200, ṣùgbọ́n ìpàṣípààrọ̀ kò tán títí ó fi di nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 600. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí a bá pín tẹ́ràbáìtì kan fún kọ̀ǹpútà 1,700, ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó mẹ́gábáìtì 600. Wáyà gígábíìtì kan lè gbé e láàrin ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 6. Bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ gba ẹ̀rọ oríta òkè kọjá, tí ẹ̀rọ náà kò sì gbé ju gígábíìtì 100 lọ, ìṣẹ́jú àáyá 80 ti tó. Kí ni ó wá fa ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Àwọn olùwádìí náà fúnra wọn sọ ọ́: ìpele ìkójọ ní abala 4,000, kọ̀ǹpútà kò sì tó bẹ́ẹ̀. Bí i 1,700 nínú àwọn abala náà ni ó kọ́kọ́ gba dátà tiwọn. Àwọn yòókù dúró títí di nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 300, nígbà tí díẹ̀ nínú àwọn ti àkọ́kọ́ parí. Nítorí náà, aago ń ka ìpàṣípààrọ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkókò náà, nẹ́tíwọ̀kì kọ́ ni wọ́n ń dúró dè.

Wọ́n tún ṣe ìdánwò kan nínú èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa iṣẹ́ lórí 200 nínú kọ̀ǹpútà 1,746. Iṣẹ́ náà parí ní ìṣẹ́jú àáyá 933, ìyẹn ni pé ìdá 5 péré nínú 100 ni ó fi kún àkókò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán, ìyára kíkà jábọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo. Báwo ni a ṣe lè ka dátà ní ìyára tí ó kéré sí òdo? Iṣẹ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà náà ti parí ni ó pòórá, tí òǹkà sì yọ ọ́ kúrò. Àwọn òǹkà mìíràn kò ní yọ ohunkóhun. Wọn yóò ka báìtì tí a rán lẹ́ẹ̀mejì ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo òǹkà kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ó jẹ́.

Ibi tí a Gbé Òǹkà Sí

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A lè wọ̀n ìrìnnà dátà láti inú ètò tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà, láti inú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, tàbí láti ara ẹ̀rọ oríta. Èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà dọ́gba, kò sì túmọ̀ sí pé ọ̀kan nínú wọn bàjẹ́.

Nínú ètò Hadoop, òǹkà kan wà tí ó ń jẹ́ “Map output bytes”, tí ó ń ka ohun tí ìpele ìtú kọ sílẹ̀ kí a tó fún un pọ̀. Òmíràn, “Map output materialized bytes”, ń ka ohun tí ó kù lẹ́yìn tí a ti fún un pọ̀. “Reduce shuffle bytes” ni ó ń ka ohun tí ìpele ìkójọ gbà. Ẹni tí ó bá mú èyí àkọ́kọ́ lò bí ìwọ̀n ìrìnnà yóò sọ ju bí ó ti rí lọ bí wọ́n bá ń fún dátà pọ̀. Òǹkà kẹta gan-an kò sì ya ohun tí ó wá láti inú kọ̀ǹpútà kan náà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó wá láti òkèèrè. Spark sàn jù ú ní ti èyí: ó ń ka ti ilé lọ́tọ̀, ó sì ń ka ti òkèèrè lọ́tọ̀. Síbẹ̀, kí ẹ̀dà 3.0 rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2020, bí abala ètò méjì bá wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń gba dátà lọ́wọ́ ara wọn, ti òkèèrè ni ó ń pè é, bẹ́ẹ̀ báìtì náà kò fẹsẹ̀ kan ìta.

Nínú kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux, fáìlì kan wà tí ó ń jẹ́ /proc/net/dev. Ó ń sọ iye báìtì tí ó ti gba ojú ọ̀nà nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ọ̀kan wọlé àti iye tí ó ti gba ibẹ̀ jáde. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí wọ́n kọ ní “lo”, ní ìlà tirẹ̀, kí a má baà kà á mọ́ ti ìta. Òǹkà yìí kì í tan ènìyàn ní ti ohun tí ó jáde, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ó ni ín. Ìpàṣípààrọ̀ ni o, ẹ̀dà èsì tí a ń fi pamọ́ sí ibòmíràn ni o, ọ̀rọ̀ tí àwọn kọ̀ǹpútà ń sọ láti fi mọ̀ pé ẹnì kejì ṣì wà láàyè ni o, gbogbo rẹ̀ ni ó ń rò pọ̀. Nínú iṣẹ́ títo ti ọdún 2004, irú òǹkà bẹ́ẹ̀ yóò ka tẹ́ràbáìtì ìpàṣípààrọ̀ náà, yóò sì tún ka ẹ̀dà èsì tí ó lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ara ẹ̀rọ oríta ni ìwọ̀n kẹta ti ń wá. Níbẹ̀, a ó rí ẹrù tí ètò kò mọ̀ nípa rẹ̀. Wáyà kì í gbé dátà ní ìhòòhò. Bí dátà bá jẹ́ báìtì 1,460, àkọlé TCP àti IP tí ó wọ́pọ̀ yóò fi 40 kún un. Àwọn ohun tí Ethernet fúnra rẹ̀ ń béèrè, pẹ̀lú àlàfo tí ó gbọ́dọ̀ wà láàrin ìdì kan àti èkejì, yóò fi 38 mìíràn kún un. Àyè báìtì 1,538 ni ó lọ lórí wáyà. Ìdí nìyí tí wáyà gígábíìtì kan, tí ó yẹ kí ó gbé mẹ́gábáìtì 125 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò fi ń fún ètò ní ju bí i 118 lọ. Ẹni tí ó ra gààrí mọ̀ pé kóńgò tí a rọ ṣóńṣó àti kóńgò tí a fọwọ́ gé lórí kì í ṣe ọ̀kan náà, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ewu kan tún wà lára àwọn ẹ̀rọ oríta àtijọ́. Òǹkà tí ó ní bíìtì 32 kò lè kà kọjá 4,294,967,295. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, ńṣe ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Lórí wáyà gígábíìtì kan tí ó kún dẹ́nu, ìṣẹ́jú àáyá 34 ni ó ń gbà kí ó tó yí padà. Ẹni tí ó bá ń wò ó ní ìṣẹ́jú kan kan yóò gba èsì tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Òǹkà bíìtì 64 ni ó wo èyí sàn.

Àpapọ̀ àti Ìpín Ẹnìkọ̀ọ̀kan

Ká ní òǹkà wa tọ̀nà. Àpapọ̀ tí ó fún wa ṣì lè fi ohun tí ó ṣe pàtàkì pamọ́. Ẹ padà sí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá wa, kí wọ́n ní gígábáìtì 100 láti pààrọ̀, kí iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ sílẹ̀ sì dọ́gba. Bí ìpín àwọn olùgbà náà bá dọ́gba, gígábáìtì 90 ni yóò rìn; kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan yóò gba 9 láti ìta, èyí yóò sì gba bí i ìṣẹ́jú àáyá 76 lórí wáyà gígábíìtì kan. Ní báyìí, kí á ní kọ̀ǹpútà kan ni ó gba gígábáìtì 30 nínú 100 nítorí pé ohun kan pọ̀ jọjọ nínú dátà náà. Àpapọ̀ ohun tí ó rìn ṣì jẹ́ 90 gan-an. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yẹn nìkan yóò gba 27 láti ìta, yóò sì lo bí i ìṣẹ́jú àáyá 229. Mẹ́sàn-án yòókù yóò ti ṣe tán, wọn yóò káwọ́ gbera. Àpapọ̀ kò yí padà, ìpíndọ́gba kò yí padà, síbẹ̀ àkókò di ìlọ́po mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa kọ ìwọ̀n kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pàápàá èyí tí ó gbà jù lọ.

Láti orí Báìtì dé orí Ìdúró

Ìyá kan gbé ẹran ka iná, ó sì rán ọmọ lọ ra ata. Ìṣẹ́jú 15 ni ọmọ lò lọ lò bọ̀. Ẹran jinná ní ìṣẹ́jú 13. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ìyá náà fi dúró de ata. Bí wọ́n bá ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọ náà tí ó fi ń lọ tí ó sì ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ọbẹ̀ kò ní fi ju ìṣẹ́jú méjì yá sí i.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rí. Abala iṣẹ́ tí ó ń gba dátà kì í káwọ́ lẹ́rán títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dé. Bí ègé kan bá ti dé, ọpọlọ kọ̀ǹpútà yóò máa ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀ bí òmíràn ṣe ń bọ̀ lọ́nà. Chowdhury àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ka gbogbo àkókò tí ó wà láàrin ìgbà tí ìpele ìtú parí àti ìgbà tí abala ìkójọ tí ó kẹ́yìn gba dátà rẹ̀ tán. Ìwọ̀n ìrìnàjò ọmọ nìyẹn. Ousterhout àti àwọn tirẹ̀ fi òǹkà sínú Spark láti ka kìkì àkókò tí abala iṣẹ́ kan kò rí nǹkan kan ṣe nítorí pé dátà láti òkèèrè kò tí ì dé. Ìdúró ìyá nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣe ìṣirò bí àkókò iṣẹ́ ìbá ṣe rí bí gbogbo ìdúró bẹ́ẹ̀ kò bá sí.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé “kò ju” ni wọ́n sọ nípa ìdá 2 náà. Ẹni tí ó ń dúró de dátà kò mọ ohun tí ó fà á tí kò fi dé. Ó lè jẹ́ pé nẹ́tíwọ̀kì kún. Ó sì lè jẹ́ pé dísìkì ẹni tí ó ń ránṣẹ́ ni kò yára, tàbí pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ráyè. Gbogbo ìdúró náà ni òǹkà yìí ń kọ sí ọrùn nẹ́tíwọ̀kì. Bí ó ti wá kéré tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n kó lé e lórí, a lè gbà pé nẹ́tíwọ̀kì kò jẹ̀bi nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé dátà tí ó ń gba orí nẹ́tíwọ̀kì kéré púpọ̀ sí èyí tí ó ń wọ dísìkì tí ó sì ń jáde níbẹ̀, àti pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni ó sábà máa ń jẹ́ ìdíwọ́.

Ṣé a wá lè sọ pé nẹ́tíwọ̀kì kò já mọ́ nǹkan? Rárá o. Ní ọdún 2014, wọ́n fi Spark to tẹ́ràbáìtì 100 lórí kọ̀ǹpútà 206, ó sì parí ní bí i ìṣẹ́jú 23. Nínú iṣẹ́ títo, kò sí ohun tí a lè rò pọ̀ kí a tó ránṣẹ́. Gbogbo ohun tí a kà ni ó gbọ́dọ̀ rìn. Ní ìpele ìkójọ, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń gba gígábáìtì 1.1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà gígábíìtì 10 tí wọ́n ní sì kún. Ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bí i gígábáìtì 485. Ní ìyára yẹn, ìrìnnà nìkan kò lè gbà kéré sí ìṣẹ́jú 7. Ẹni tí ó bá fi àbájáde ọdún 2015 kọ̀ láti ra wáyà fún irú iṣẹ́ yìí ti ṣi ìwádìí lò, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi ìdánwò títo ra wáyà fún iṣẹ́ kíka ọ̀rọ̀ ṣe ṣì í lò. Nínú ìjíròrò nípa nẹ́tíwọ̀kì, títo ni wọ́n ti fi ṣe àpẹẹrẹ jù, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ọ́.

Ìdánwò nínú Yàrá Ẹ̀kọ́

Kò dìgbà tí a bá ní kọ̀ǹpútà ẹgbẹ̀rún kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lè fi ojú ara wọn rí nǹkan wọ̀nyí. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí ó ní Linux àti Hadoop ti tó. Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láìṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n ka /proc/net/dev ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, kí wọ́n lè mọ iye báìtì tí ń rìn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ inú àkójọ ìwé kan láìro ọ̀rọ̀ pọ̀ kí a tó ránṣẹ́, kí wọ́n tún ṣe é pẹ̀lú ìròpọ̀. Kí wọ́n fi òǹkà Hadoop wé ti Linux ní ìgbà méjèèjì.

Ìdánwò tí ó ṣe pàtàkì jù ni kí wọ́n wá mọ̀ọ́mọ̀ dín ìyára nẹ́tíwọ̀kì kù. Àṣẹ tí ó ń jẹ́ “tc” nínú Linux lè ṣe èyí. Bí wọ́n bá dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá tí àkókò iṣẹ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà, wọ́n ti rí i láìsí àríyànjiyàn pé nẹ́tíwọ̀kì kọ́ ni iṣẹ́ náà ń dúró dè. Bí àkókò bá lọ sókè ní ìlọ́po púpọ̀, nẹ́tíwọ̀kì náà ti súnmọ́ òpin agbára rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà jẹ́ mẹ́ta, ìdá méjì nínú mẹ́ta dátà ìpàṣípààrọ̀ ni ó yẹ kí ó rìn bí ìpín bá dọ́gba. Bí òǹkà Linux bá fi hàn pé ohun tí ó rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ibi àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò ni ẹ̀dà èsì, nítorí pé ẹ̀dà mẹ́ta ni Hadoop máa ń ṣe nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un pé kí ó dín in kù, méjì nínú ẹ̀dà mẹ́ta náà ni yóò sì gba orí wáyà lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn.